Gínì, Ọ̀rọ̀ Òyìnbó Tí À Ń Fi Ọ̀pá Wọ̀n

Bí òyìnbó kan bá tẹ̀ lé màmá mi wọ ọjà, tó sì ń fi èdè tirẹ̀ dárúkọ gbogbo ohun tí wọ́n bá rà, ẹ̀rín á pa yín. Màmá ra ọkà bàbà: guinea corn. Wọ́n ra iṣu funfun: àwọn onímọ̀ ohun ọ̀gbìn ní white Guinea yam. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ wo ẹtù tó ń pariwo nínú àgò: guinea fowl. Wọ́n ra ataare owó díẹ̀: Guinea grains, bí ìwé òyìnbó àtijọ́ ṣe ń pè é. Wọ́n wá yà sí ìsọ̀ aláṣọ ní Ìtòkú, wọ́n ní kí wọ́n gé gínì ọ̀pá márùn-ún fáwọn: Guinea brocade. A ò tí ì jáde ní Abẹ́òkúta o, a ò tiẹ̀ tí ì kọjá afárá Láfẹ́nwá. Àmọ́ tí a bá fi ti òyìnbó ṣe, Gínì la ti ń nájà láti àárọ̀.

Bẹ́ẹ̀, n kò tí ì pàdé Ègbá kan rí tó pe ara rẹ̀ ní ará Gínì. Ẹ lọ sí Aké, ẹ dé Òkè-Ọnà, ẹ ya Gbágùrá, ẹ kọjá sí Òwu, kí ẹ ní kí àgbàlagbà kan ki ara rẹ̀ fún yín. Yóò ki Olúmọ, yóò ki ìlú tí àwọn baba rẹ̀ ti sá wá nígbà ogun, yóò sì ki ohun tí wọn kì í jẹ nílé wọn. Gínì kò ní sí níbẹ̀. Orúkọ tí oníbàárà sọ ọlọ́jà ni. Ọlọ́jà kò sì mọ̀ títí oníbàárà fi padà sílé lọ kọ ọ́ sínú ìwé.

Ọ̀dọ̀ àwọn Pọtogí ni òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ti gbọ́ ọ. Ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, nígbà tí ọkọ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í tọ etíkun Áfíríkà bọ̀ díẹ̀díẹ̀, Guiné ni wọ́n ń pe gbogbo ilẹ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú, bẹ̀rẹ̀ láti odò Senegal. Ibi tí àwọn Pọtogí fúnra wọn ti rí i ni ẹnu àwọn ọ̀mọ̀wé kò tí ì kò lé lórí. Àwọn kan ní Djenné ni, ìlú oníṣòwò ńlá tó wà ní Málì. Àwọn kan ní Gánà àtijọ́ ni, ilẹ̀ ọba tí òkìkí wúrà rẹ̀ kàn dé ọ̀dọ̀ àwọn Lárúbáwá. Àwọn tó kù ní ọ̀rọ̀ àwọn Berber ni, àwọn ará ìhà Sàhárà, tí wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan tó jọ ọ́ tí wọ́n fi ń pe aláwọ̀ dúdú. Ti àwọn Berber yìí ló wọ̀ mí létí jù, torí pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọmọ aráyé ṣe ń ṣe. Ṣebí àwa náà ò béèrè lọ́wọ́ àwọn Nupe kí a tó máa pè wọ́n ní Tápà. Àní "Yorùbá" fúnra rẹ̀, àwọn ará òkè Ọya ló kọ́kọ́ ń fi pe àwọn Ọ̀yọ́. Ayé àwọn míṣọ́nnárì ló tó ràn ká gbogbo wa. Ẹ bi baba Ègbá kan léèrè irú ènìyàn tó jẹ́ lọ́dún 1843 tí Henry Townsend kọ́kọ́ wọ ìlú yìí, Ègbá ni yóò sọ, kò ní sọ nǹkan mìíràn.

Ọ̀rọ̀ wá yàtọ̀ síra níbì kan. Tápà kò di owó, kò di ẹyẹ, kò di àrùn. Guinea di gbogbo rẹ̀.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe pín etíkun náà sínú àwòrán ilẹ̀ wọn. Ibi tí Làìbéríà wà lónìí ni wọ́n pè ní Grain Coast. Ẹ má rò pé àgbàdo tàbí ọkà ni wọ́n ní lọ́kàn. Ataare ni "grain" yẹn, èyí tí wọ́n tún ń pè ní grains of paradise, àfi bí ẹni pé ọgbà Édẹ́nì ni wọ́n ti ká a. Ó kan Ivory Coast, etíkun eyín erin. Ó kan Gold Coast, etíkun wúrà, tó di Gánà lọ́dún 1957. Nígbà tí wọ́n dé apá ọ̀dọ̀ wa, láti ìhà odò Volta bọ̀ wá sí Wídà, sí Àgbádárìgì, sí Èkó, Slave Coast ni wọ́n kọ síbẹ̀. Etíkun ẹrú. Ohun tí wọ́n ń rí kó níbì kan ni wọ́n fi sọ ibẹ̀ lórúkọ, bí alágbàtà ṣe ń kọ àmì sára àpò kó má baà ṣì í gbé.

Ataare yẹn, màmá mi kì í rà á láì fọ́ ọ̀kan wò. Wọ́n á fi èékánná la èèpo gbígbẹ rẹ̀, wọ́n á wò ó bóyá kóró inú rẹ̀ kún dáadáa, wọ́n á wá sọ bíi mẹ́ta sẹ́nu. Tí kò bá ta wọ́n lẹ́nu wìnnìwìnnì, wọ́n á dá a padà fún ẹni tó ni ín. Òun yìí náà tí a fi ń ṣàdúrà fún ọmọ tuntun pé kí ilé rẹ̀ kún bí ilé ataare, òun ni àwọn ará Yúróòpù ń dà sínú ọbẹ̀ àti ọtí wọn láyé àtijọ́. Ataare kò jẹ́ Gínì lẹ́nu wa rí. Ataare ni.

Gínì tó jẹ́ owó wá ni ìtàn rẹ̀ dùn jù, ó sì korò jù. Bàbá màmá mi ṣe akọ̀wé fún lọ́yà kan kí òmìnira tó dé, wọ́n sì máa ń sọ pé ọ̀gá àwọn kì í gba pọ́n-ùn. Gínì ló ń gbà. Oníbàárà á ti oko wá, á tú owó tó dì sí ìdí aṣọ, á ka pọ́n-ùn márùn-ún sórí tábìlì pẹ̀lú ìbẹ̀rù, Bàbá á sì sọ fún un pé, "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ó ku ṣílè márùn-ún." Ogún ṣílè ni pọ́n-ùn kan, mọ́kànlélógún ni gínì kan. Oníbàárà á máa wò ó pé kí ni àwọn ṣẹ̀. Kò sì sí ẹnì kankan nínú yàrá yẹn, látorí lọ́yà dórí ẹni tó gbálẹ̀, tó fojú rí gínì rí. Owó ẹnu lásán ni. Ọdún 1816 ni òyìnbó ti ṣe òfin owó tuntun tí pọ́n-ùn wúrà fi gba ipò rẹ̀, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kí wọ́n tó bí oníbàárà náà. Síbẹ̀ lọ́yà, dókítà àti àwọn tó ń ta ẹṣin kò jẹ́ kí ó kú. Ṣílè kan tó lé yẹn ni wọ́n fi ń sọ pé àwọn kì í ṣe ẹgbẹ́ káfíńtà àti bíríkìlà tó ń gba pọ́n-ùn. Nílùú ọba, eré ẹṣin tó ń jẹ́ 2000 Guineas, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1809, wọ́n ṣì ń sá a, wọ́n sì ṣì ń ta ẹṣin eré ìje ní gínì lórí gbàǹjo. Ní tiwa, pọ́n-ùn àti ṣílè pẹ̀lú àjùlọ ẹnu wọn bá omi lọ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973, tí náírà àti kọ́bọ̀ dé.

Ọdún 1663 ni wọ́n kọ́kọ́ rọ owó náà, láyé Ọba Charles Kejì. Wúrà ni. Orí ọba wà lójú rẹ̀ kan, wọ́n sì ya erin kékeré kan sísàlẹ̀ ọrùn ọba lára àwọn kan nínú wọn. Mo ti wo àwòrán rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo fẹ̀ ẹ́ títí: erin náà kéré bí kóró ataare, ó na ọwọ́ ìjà rẹ̀ síwájú. Àmì ilé-iṣẹ́ tó kó wúrà wá láti etíkun Gínì ni erin yẹn, ilé-iṣẹ́ tí ọba fún láṣẹ pé òun nìkan ni kó máa bá ìhà ọ̀dọ̀ wa ṣòwò. Bí àwọn èèyàn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pe owó náà ní guinea nìyẹn. Ogún ṣílè ni wọ́n pè é níbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wúrà ṣe ń wọ́n sí i ló ń gòkè, ó tiẹ̀ fẹ́ẹ̀ dé ọgbọ̀n ṣílè nígbà kan, kí ìjọba tó fi òfin dá a dúró sí mọ́kànlélógún lọ́dún 1717. Ẹni tó jẹ́ ọ̀gá ilé ìrọwó nígbà yẹn ni Isaac Newton, ẹni tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ èso tó já látorí igi dà wá láàmú ní kíláàsì fisíìsì.

Olórí ilé-iṣẹ́ aláàmì erin yìí ni àbúrò ọba, James, Duke ìlú York. Òun kan náà ni wọ́n fi sọ New York lórúkọ. Lọ́dún 1672 wọ́n tún un dá, ó di Royal African Company. Wúrà ni wọ́n torí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ènìyàn fi di ọjà wọn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀pọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ọkọ̀ ojú omi tó ń ṣe òwò yẹn, Guineaman ni òyìnbó ń pè é. Ẹ tún un kà. Nínú èdè tó gbọ́n tó bẹ́ẹ̀, tó ní orúkọ fún oríṣiríṣi ṣíbí, ọkọ̀ tí wọ́n fi ń de ènìyàn mọ́lẹ̀ ní ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ ń jẹ́ "ará Gínì" lẹ́nu wọn, bí ẹni tó ń pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ìlú kejì.

Ìlú wa yìí mọ òwò náà tinú-tẹ̀yìn. Àwọn tí ogun lé kúrò ní ìletò wọn ló tẹ Abẹ́òkúta dó lọ́dún 1830, lẹ́yìn Ṣódẹkẹ́, lábẹ́ àpáta. Nígbà tó yá ni àwọn tí wọ́n ti kó lẹ́rú, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun lẹ́yìn tí wọ́n ti fòfin de òwò náà, bẹ̀rẹ̀ sí í padà dé láti Sàró, tí wọ́n ń wá ilé baba wọn. Samuel Àjàyí Crowther wà lára wọn. Ọdún 1821 ni wọ́n mú un ní Òṣogùn, wọ́n tà á títí ó fi dénú ọkọ̀ Pọtogí kan ní Èkó. Ọdún 1846 ló rí ìyá rẹ̀, Àfàlá, padà, ní Abẹ́òkúta níbí. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Mo mọ̀ pé a ti kọ́ ọ níléèwé, a ti kọ ọ́ sínú ìdánwò, a ti gbàgbé rẹ̀. Àmọ́ ìgbàkígbà tí mo bá rí owó wúrà tó ní erin yẹn, ìyá àti ọmọ yẹn ló máa ń wá sí mi lọ́kàn, pé orúkọ kan náà ló wà lára owó, lára ọkọ̀, àti lára ilẹ̀ tí wọ́n ti já ọmọ gbà lọ́wọ́ ìyá.

Àwọn ìlò ọ̀rọ̀ náà tó kù, àṣìṣe ló pọ̀ jù nínú wọn. Guinea pig, ẹranko kékeré tí wọ́n fi ń dán oògùn wò títí wọ́n fi ń fi orúkọ rẹ̀ pe ẹnikẹ́ni tí a bá fi dánrawò, kì í ṣe ẹlẹ́dẹ̀, kì í sì í ṣe ará Gínì; orí òkè Andes ní Amẹ́ríkà ti Gúúsù ló ti wá, àwọn ará ibẹ̀ sì ń fi jẹun. Àwọn kan ní gínì kan ni wọ́n ń ta ọ̀kan ló fi ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ orúkọ rẹ̀ ti wà nínú ìwé kí wọ́n tó rọ owó yẹn. Lọ́dún 1545, atukọ̀ kan tó jẹ́ ará Sípéènì, Yñigo Ortiz de Retez, gúnlẹ̀ sí erékùṣù ńlá kan lápá òkè Ọsirélíà, ó rí i pé àwọn ènìyàn ibẹ̀ dúdú, ó ní wọ́n jọ àwọn ará Gínì, ló bá pe ibẹ̀ ní New Guinea. Ìdí nìyẹn tí Papua New Guinea fi ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ dòní, wọn ò mọ̀ wá rí, a ò mọ̀ wọ́n rí. Kí ẹ wá kó Guinea tó gba òmìnira lọ́wọ́ Faransé lọ́dún 1958 mọ́ ọn, àti Guinea-Bissau ti Pọtogí, àti Equatorial Guinea ti Sípéènì. Ẹni tó bá ń to lẹ́tà ní ilé ìfìwéránṣẹ́ níbi kan láyé yìí ń jìyà.

Ẹtù náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Turkey ni Gẹ̀ẹ́sì ti kọ́kọ́ ń pè é, torí pé ọwọ́ àwọn oníṣòwò ìhà Tọ́kì ló ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Nígbà tí tòlótòló dé láti Amẹ́ríkà, wọ́n gba Turkey lọ́wọ́ ẹtù fún tòlótòló, wọ́n wá fi Gínì tu ẹtù nínú. Ẹyẹ méjèèjì, kò sí èyí tó dé Tọ́kì rí kó tó di ọjà.

Sọ̀bìà ni guinea worm. Ẹ béèrè lọ́wọ́ màmá mi, wọ́n á gbé ìró sókè díẹ̀, wọ́n á fi àpá kan hàn yín ní ọrùn ẹsẹ̀ òsì, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó ń dán. Abúlé wa lọ́nà Ọ̀dẹ̀dá ni wọ́n ti kó o, níbi tí wọ́n ti ń mu omi ọ̀gọ̀dọ̀. Kòkòrò tín-ín-tín tí ojú kò lè rí ló ń gbé e wọnú ẹni tó bá mu irú omi bẹ́ẹ̀. Yóò tó bí ọdún kan kí ẹsẹ̀ tó lé ròrò, kó máa jó ènìyàn bí iná, kí aràn funfun bí òwú tó yọrí. Gígùn rẹ̀ lè tó mítà kan. Wọ́n á wé e mọ́ igi ìṣáná, wọ́n á máa yí i díẹ̀ lójúmọ́. Tó bá já sínú, ó di wàhálà. Àwọn àgbà ní bí sọ̀bìà yóò bá degbò, olúgàńbe là á ké sí. Màmá mi ní àwọn ké sí olúgàńbe títí, ọ̀nà kò là. Nígbà tí wọ́n ka àwọn tó ní in ní Nàìjíríà láàárín 1988 sí 1989, wọ́n lé ní 650,000. Ìbàràpá, tí kò jìnnà sí wa, wà lára ibi tó ti jà jù, àwọn oníṣègùn láti Yunifásítì Ìbàdàn sì gbé iṣẹ́ ìwádìí lọ sí Ìdèrè. Wọ́n gbẹ́ kànga, wọ́n pín aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi, Jimmy Carter àti Ọ̀gágun Yakubu Gowon rìn láti abúlé dé abúlé. Ọdún 2008 la rí ẹni tó ní in kẹ́yìn. Ọdún 2013 ni àjọ ìlera àgbáyé kéde pé ó ti tán nílẹ̀ wa. Ọ̀rọ̀ Gínì kan ṣoṣo tí mo bá wọn yọ̀ pé ó kúrò lẹ́nu nìyẹn. Kódà orúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì sọ ọ́ ní èdè Látìn, medinensis, ìlú Mẹ̀dínà ni wọ́n ti í sí lọ́rùn. Ó jọ pé ilé ẹlòmíràn ni aràn ti ń wá nígbà gbogbo.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí aṣọ, ibẹ̀ ni ara ti ń tù mí. Àwọn baba wa náà fi ẹtù sọ aṣọ. Nínú aṣọ òkè mẹ́ta tó jẹ́ olórí, sányán, àlàárì àti ẹtù, ẹ̀kẹta yẹn jẹ́ aláró dúdú pẹ̀lú ìlà wẹ́wẹ́ tó mọ́lẹ̀ díẹ̀, torí ó jọ ìyẹ́ ẹtù. Wọ́n wo ẹyẹ, wọ́n wo aṣọ, wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí. Àwọn oníṣòwò Yúróòpù ní ti wọn, aṣọ òwú aláró kan wà tí wọ́n ń hun ní ilẹ̀ Íńdíà, tí Faransé ń pè ní guinée. Àwọn ará Íńdíà ló hun ún, àwọn ló rẹ ẹ́ láró, ó sì di ohun tí wọ́n fi ń ra gọ́ọ̀mù létí odò Senegal. Nítorí pé ìhà ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti fẹ́ tà á ni wọ́n ṣe pè é bẹ́ẹ̀. Ẹni tó hun ún kò sí nínú orúkọ rẹ̀ rárá.

Mo lọ wo gínì ní Ìtòkú láìpẹ́ yìí nítorí ìgbéyàwó ọmọ àbúrò mi. Ìyá tó ni ìsọ̀ náà fa èyí tó funfun kan yọ, wọ́n ti etí rẹ̀ bọ àárín ìka, wọ́n fi ọwọ́ kejì nà án, ó dún ṣàràṣàrà bíi bébà tuntun. Wọ́n gbé e sí ìmọ́lẹ̀ kí n lè rí òdòdó tí wọ́n hun sínú rẹ̀, funfun lórí funfun. Tí ìmọ́lẹ̀ bá yà, òdòdó náà á parẹ́.

"Ìyá mi," mo ní, "kí ló dé tí wọ́n ń pè é ní gínì?"

"Orúkọ ẹ̀ nìyẹn. Kí ni ẹ tún fẹ́ kí n máa pè é?"

"Ṣé Gínì ló ti ń wá ni?"

"Gínì bí ti báwo? Èyí tó dáa, Ọ́stríà. Ìyókù, Ṣáínà. Ẹ fọwọ́ kàn án, ẹ ò ní bi mí mọ́."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ilẹ̀ Ọ́stríà tí kò ní etíkun kankan wà lára ibi tí wọ́n ti ń hun ojúlówó rẹ̀, fún àwa tí a wà níbí ni wọ́n sì ń hun ún. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò kúrò ní Ìtòkú bó ṣe dé. Wọ́n ń gbé e lọ sí agbo ilé àwọn aláró, wọ́n á yọ́ àbẹ́là, wọ́n á ti fóòmù tí wọ́n ti gé bọ̀ ọ́, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, wọ́n á rì í sínú aró, wọ́n á fi omi gbígbóná bọ́ àbẹ́là náà kúrò, ó di àdìrẹ. Lọ́dún 2025 ni atúmọ̀-èdè Oxford kéde pé àdìrẹ ti di ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òun àti japa àti ẹ̀bà. Èmi ò jó sí i, n kò sì bínú. Ó ṣáà dáa ju kí wọ́n tún pè é ní Guinea nǹkan kan lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ti ṣòwò dé Conakry, olú-ìlú Guinea gan-an, ló sọ èyí tó dùn mọ́ mi jù fún mi: wọn kì í pe aṣọ yìí ní gínì níbẹ̀. Bazin ni wọ́n ń pè é, bí wọ́n ṣe ń pè é ní Bamako àti Dakar, ọ̀rọ̀ Faransé tí wọ́n gé kúrú láti inú bombasin. Tí ẹ bá béèrè Guinea brocade ní Guinea, wọ́n á wojú yín. Mo sọ ọ́ fún ìyá aláṣọ.

"Ẹ jẹ́ kí wẹ́n máa pè é bó ṣe wù wẹ́n," wọ́n ní, wọ́n ti mú sísọ́ọ̀sì dání. "Ọ̀pá mélòó ni kí n gé?"